Màmá Olùkọ́ Ń Dáhùn: Ìfáárà Àkọ́sórí Kò Mọ Àyọkà Tó Wà Níwájú Rẹ

Lẹ́tà oṣù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti ìdánwò lítíréṣọ̀ látòkè délẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé. Mo fi ti ọmọbìnrin kan láti Bàríga ṣáájú, mo sì dáhùn rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, torí ohun tí mo sọ fún un ni mo máa padà sí nínú àwọn tó kù. Iṣẹ́ yìí ni mo ṣe ní kíláàsì ní Yábàá àti ní Súrùlérè títí mo fi fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ ṣì ń wá bá mi kàwé ní Sátidé nílé mi ní Èbúté-Mẹ́tta. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì sú mi.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Olùkọ́. Ọmọ ọdún 17 ni mí, Bàríga ni mò ń gbé, mo sì ń lọ lẹ́sìnnì ní Yábàá fún ìdánwò Cambridge IGCSE. Nínú ìdánwò wa, wọ́n máa ń tẹ àyọkà kan sínú ìwé ìbéèrè, wọ́n á ní ká sọ bí òǹkọ̀wé ṣe mú kó wọni lọ́kàn. Tísà wa fún wa ní ìfáárà kan pé ká há a sórí, pé kò sí àyọkà tí kò ní bá mu: “Nínú àyọkà tó lágbára yìí, òǹkọ̀wé lo oríṣiríṣi ọnà èdè láti gbé èrò rẹ̀ jáde àti láti fa òǹkàwé mọ́ra. Nínú ìdáhùn mi, n ó ṣe àgbéyẹ̀wò àfiwé, ìfohunpènìyàn àti àwítúnwí tó wà níbẹ̀.” Ó tún fún wa ní ìpínrọ̀ kan nípa ìgbésí ayé òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lo irú rẹ̀, ó sì yege. Síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀. Ṣé kí n lò ó?
Ọmọ yín, Bàríga

Ọmọ mi, ó dára bí ọkàn rẹ kò ṣe balẹ̀. Tún ìfáárà náà kà sókè, kí o wá sọ fún mi bóyá ìyá tó ń sunkún lójú oórì ni àyọkà náà dá lé, tàbí ọmọdé tó ń jí máńgòrò ká. O ò lè sọ. Òótọ́ ni tísà rẹ sọ pé kò sí àyọkà tí kò ní bá mu, ìyẹn gan-an sì ni àléébù rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa èyí tó wà níwájú rẹ, ẹni tó ń máàkì kò sì rí ohun tó lè fún ní máàkì níbẹ̀.

Ṣé o ti rí onílù tó wọ òde àríyá rí, tó wá ń fi oríkì ọmọ Ọ̀fà ki ọmọ Ìjẹ̀bú? Ohùn rẹ̀ lè dùn, ìlù rẹ̀ lè dún gan-an, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ kò ní fọwọ́ kan àpò, torí kò gbọ́ orúkọ baba rẹ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìfáárà àkọ́sórí ṣe ń dún létí olùyẹ̀wò.

Cambridge kò fi ohun tí wọ́n ń wá pamọ́. Ó wà nínú sílábọ́ọ̀sì IGCSE Literature in English, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0475. Wọ́n fẹ́ kí o mọ ohun tó wà nínú ìwé, kí o sì fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti ohun tí o sọ lẹ́yìn. Wọ́n fẹ́ kí o lóye ìtumọ̀ rẹ̀, èyí tó hàn síta àti èyí tó fara pamọ́. Wọ́n fẹ́ kí o rí bí òǹkọ̀wé ṣe lo èdè àti bó ṣe to iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n sì fẹ́ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lára ìwọ fúnra rẹ. Ọgbọọgba ni wọ́n pín máàkì sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wo ìfáárà tísà rẹ dáadáa: èwo nínú wọn ló kàn?

Ìpínrọ̀ nípa ìgbésí ayé òǹkọ̀wé ló tún burú jù. Wọ́n bí William Shakespeare ní Stratford-upon-Avon ní 1564, ó kú ní 1616. Ẹni tó ń máàkì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ, kò sì bi ọ́ léèrè. Àwọn ìròyìn tí àwọn olùyẹ̀wò Cambridge máa ń kọ lẹ́yìn ìdánwò ti ń sọ ọ́ tipẹ́tipẹ́ pé irú ìfáárà bẹ́ẹ̀ kì í mú máàkì wá.

Ronú sí àkókò pẹ̀lú. Péépà kìíní, ti ewì àti ìtàn, wákàtí kan àti ààbọ̀ ni fún ìbéèrè méjì. Ìṣẹ́jú 45 ni ìkọ̀ọ̀kan, inú rẹ̀ ni o sì ti gbọ́dọ̀ ka àyọkà náà kó yé ọ. Bí o bá fi ìṣẹ́jú 8 kọ ìfáárà àti ìtàn ayé òǹkọ̀wé, o ti ná ju ìdá kan nínú mẹ́fà lọ, o ò sì tíì sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ péépà kẹrin lẹ tún ń ṣe, ti àyọkà tí ẹ kò rí rí, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 ni fún ìbéèrè kan ṣoṣo, ìwé ìbéèrè fúnra rẹ̀ sì gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 kà á kí ẹ sì ṣètò. Àwọn tó ṣe ìdánwò náà mọ̀ pé kíkà ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Àkókò kọ́ ló dùn mí jù, ọmọ mi. Ohun tí ìfáárà yẹn máa ṣe sí ojú rẹ ló dùn mí. O ti ṣèlérí àfiwé, ìfohunpènìyàn (kí á máa sọ̀rọ̀ ohun tí kì í ṣe èèyàn bí ẹni pé èèyàn ni) àti àwítúnwí kí o tó ka ìlà kan. Àwọn yẹn ni wàá máa wá kiri láti ìgbà náà lọ, ì báà ṣe pé àyọkà náà kò ní ìfohunpènìyàn kankan. Ohun tó wà níbẹ̀ gan-an, ojú rẹ á fò ó.

Jẹ́ ká jọ gbìyànjú rẹ̀. Èmi ni mo kọ àyọkà kékeré yìí, mo sì fi Yorùbá kọ ọ́ kí àwọn òbí tó ń ka ojú ìwé yìí lè bá wa dá sí i.

“Kí ọkọ̀ ojú omi tó kan èbúté, Bàbá ti de bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀, ó ti tú u, ó tún ti dè é. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà létí omi lọ́hùn-ún ló ń wò, èyí tí fèrèsé kan ṣoṣo ṣí nínú rẹ̀. ‘Ilé yìí ti kéré sí i,’ ló wí. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ọmọ rẹ̀ gbé àpótí bí ẹni gbé ẹyin, ó sì dúró dè é. Bàbá kò dìde.”

Ká ní ìbéèrè náà ni pé: báwo ni òǹkọ̀wé ṣe jẹ́ ká mọ ohun tó wà lọ́kàn Bàbá? Ìfohunpènìyàn kò sí níbẹ̀. Àfiwé kan wà, “bí ẹni gbé ẹyin”, ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò sì fò mọ́ ọn torí ó rọrùn láti dárúkọ. Ó yẹ ká sọ nǹkan nípa rẹ̀ lóòótọ́: ìṣọ́ra ọmọ náà ju ti ẹni tó gbé ẹrù lásán lọ, ó dà bíi pé bàbá rẹ̀ gan-an ló ń ṣọ́ra fún. Ṣùgbọ́n ibi tí ọkàn àyọkà náà wà ni “Ilé yìí ti kéré sí i.” Ilé kì í kéré sí i. Nígbà wo ni Bàbá rí i kẹ́yìn tó fi tóbi tó bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀? Bóyá nígbà tó wà lọ́mọdé. Òǹkọ̀wé kò sọ fún wa pé ó ti pẹ́ tó ti kúrò níbẹ̀, kò sọ pé ẹ̀rù ń bà á. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú gbólóhùn kan tí kò sẹ́ni tó dáhùn.

Wo bọ́tìnì náà: ó dè é, ó tú u, ó tún dè é. Ọwọ́ rẹ̀ ń sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò sọ. Wá wo bí gbólóhùn ṣe ṣe. Ìkínní gùn, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ bí ọwọ́ Bàbá, èyí tó gbẹ̀yìn jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, “Bàbá kò dìde.” Ọkọ̀ ti gúnlẹ̀, ọmọ ti gbé àpótí, kò sí ohun tó kù láti ṣe ju kó dìde lọ, kò sì dìde. Bí mo ṣe kọ ọ́ yìí, àánú ọkùnrin náà ṣe mí. Ìwọ náà, bí ó bá ṣe ọ́, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì sọ ọ̀rọ̀ tó fà á. Ìdá kan nínú mẹ́rin máàkì rẹ wà níbẹ̀.

Ìfáárà tí ẹni tó kà á báyìí lè wá kọ nìyí: “Bàbá inú àyọkà yìí ń padà sí ilé kan tó ń bà á lẹ́rù. Òǹkọ̀wé kò jẹ́ kó sọ ọ́. Ọwọ́ tó ń de bọ́tìnì tó sì ń tú u ló jẹ́ ká mọ̀, àti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó wí, pé ilé náà ‘ti kéré sí i’, èyí tó ń tú àṣírí ọkàn tirẹ̀ ju ti ilé lọ.” Gbólóhùn mẹ́ta ni. Kò sí àyọkà mìíràn tí ìfáárà yìí lè bá mu. Láti ìlà kìíní ni ẹni tó ń máàkì ti rí i pé o kà á, pé ó yé ọ, pé o mọ ọgbọ́n tí òǹkọ̀wé dá.

Ǹjẹ́ kò wá sí ohun tí o lè múra sílẹ̀ láti ilé? Ó wà, ó sì pọ̀. Há ìbéèrè sórí, fi ìdáhùn sílẹ̀ fún ọjọ́ ìdánwò. Ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló dákẹ́? Kí ló yí padà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin? Níbo ni gbólóhùn ti gùn, níbo ló ti gé? Ọ̀rọ̀ wo ló yà mí lẹ́nu pé ó wà níbẹ̀? Bí àyọkà náà bá wá láti inú ìwé tí ẹ ti kà, fi èyí kún un: kí ló ṣẹlẹ̀ ká tó dé ibẹ̀, kí ló sì máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀? Gbólóhùn kan tó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró nínú ìwé wúlò gan-an. “Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Bàbá máa fojú kan ilé náà láti ìgbà tí wọ́n ti lé e jáde” jẹ́ ìfáárà tó dára ju ìtàn ayé ẹni tó kọ ìwé lọ ní ìlọ́po ìlọ́po.

Má fojú burúkú wo tísà rẹ o. Bébà funfun máa ń ba ọmọ lẹ́rù lóòótọ́, ó sì fẹ́ kí ẹ ní nǹkan tí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ kí àyà yín tó rọlẹ̀. Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn ọmọ tèmi ṣe ni pé kí wọ́n fi ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún sílẹ̀ lókè, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ yà wọ́n lẹ́nu, kí wọ́n sì padà wá kọ ìfáárà nígbà tí wọ́n bá ti mọ ohun tí wọ́n sọ. Ní ti ẹ̀gbọ́n rẹ, mo bá a yọ̀. Ohun tó kọ lẹ́yìn ìfáárà náà ló gbé e yege.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Aṣọ ni mò ń tà ní Balógun, Ìsàlẹ̀ Èkó sì ni ilé wa. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní SS3 ti fi bébà bo ògiri yàrá tán. Ó ní àyọlò ni gbogbo wọn, àwọn ọ̀rọ̀ tó yọ látinú ìwé lítíréṣọ̀ wọn, pé òun gbọ́dọ̀ há wọn sórí kí WAEC tó bẹ̀rẹ̀. Iná ì báà wà, kó má wà, ohùn rẹ̀ ni mò ń gbọ́ láàárín òru. Èmi kò kàwé débẹ̀, mi ò lè bá a dá sí i. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn?
Ìyá ọmọ, Ìsàlẹ̀ Èkó

Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú. Ọmọ tó ń kàwé lóru láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lé e, Ọlọ́run á jẹ́ kó jèrè rẹ̀.

Ìdánwò tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọmọ Bàríga, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ náà kí ẹ tó bá a wí. Nínú Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC, péépà kìíní ní ìbéèrè 50, wọ́n á ti kọ oríṣiríṣi ìdáhùn sábẹ̀ ìkọ̀ọ̀kan, ọmọ á sì mú èyí tó tọ́: 20 lórí ìmọ̀ lítíréṣọ̀ lápapọ̀, 5 lórí àyọkà ìtàn tí wọn kò rí rí, 5 lórí ewì tí wọn kò rí rí, 20 lórí eré Shakespeare tí wọ́n yàn fún wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bi í léèrè nípa àyọkà àti ewì yẹn wà níwájú rẹ̀, kò nílò àkọ́sórí kankan fún un. Péépà kejì àti ìkẹta ni àròkọ, ìtàn fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15, eré àti ewì fún wákàtí méjì àti ààbọ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kí wọ́n mú ìwé wọlé. Àwọn méjì yìí ni ògiri yàrá yín ń ṣiṣẹ́ fún. Ohun tó ń ṣe nídìí.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó mọ ohun tó ń há. Ẹ̀yin gan-an lẹ lè bá mi wádìí rẹ̀, ẹ ò sì nílò Gẹ̀ẹ́sì kankan. Ní alẹ́, nígbà tí ẹ bá ń ka owó ọjà tàbí tí ẹ ń ṣa ẹ̀fọ́, ẹ ní kó já bébà kan wá. Kó sọ ọ́ fún yín ní Yorùbá: ta ló sọ ọ́, ta ló sọ ọ́ fún, kí ló ṣẹlẹ̀ tó fi sọ ọ́, kí ló tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Bí ó bá ṣàlàyé tó yé yín, kó lẹ̀ ẹ́ padà. Bí kò bá lè ṣàlàyé, kó padà lọ ka ojú ewé tó ti mú un, bó bá sì tún kọ̀ tí kò yé e, kó ká bébà náà kúrò. Bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ bi í. “Kí ló dé tí ọkùnrin yẹn kò fi dá ìyàwó rẹ̀ lóhùn?” Ìbéèrè lítíréṣọ̀ gidi nìyẹn, ọmọ tó bá ti dá ìyá rẹ̀ lóhùn lórí irú rẹ̀ kì í bẹ̀rù ti WAEC. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà pẹ̀lú èèyàn ní Balógun látàárọ̀ dalẹ́, ẹ mọ ìgbà tí ẹnu èèyàn ń sọ ohun kan tí ọkàn rẹ̀ ń sọ òmíràn. Ìmọ̀ yẹn ni wọ́n ń fi ka eré oníṣe.

Ẹ bá mi sọ àwọn nǹkan yìí fún un. Àyọlò tó gùn ju ìlà kan lọ, kó gé e. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin tó mọ̀ dénú sàn ju odindi ìpínrọ̀ lọ. Kó yan èyí tó lè dáhùn oríṣiríṣi ìbéèrè: ọ̀rọ̀ kan tí ọkọ sọ sí aya nígbà tí ìjà dé lè ṣiṣẹ́ fún ìbéèrè lórí ìgbéyàwó, lórí ìgbéraga, àti lórí ìwà ọkọ náà. Bí ó bá gbàgbé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ gan-an, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn náà jẹ́ ẹ̀rí látinú ìwé. Kó má fi ọ̀rọ̀ tó dá sílẹ̀ sáàárín àmì àyọlò kó wá ní òǹkọ̀wé ló wí.

Ẹ ní kó sùn pẹ̀lú. Ọmọ tí oorun ń kùn kò lè ka ìbéèrè yékéyéké, àìka ìbéèrè dáadáa sì ń pa máàkì ju àìrántí àyọlò lọ.

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, Mà. Olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni mí ní Muṣin, iṣẹ́ náà kò tíì pẹ́ lọ́wọ́ mi. Bí mo bá sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n fa ọ̀rọ̀ yọ látinú àyọkà, wọ́n á da ìlà mẹ́rin kọ, wọ́n á wá kọ sábẹ̀ rẹ̀ pé “èyí fi hàn pé ìbànújẹ́ wà níbẹ̀”, wọ́n á sì kọjá sí òmíràn. Mo ti ṣàlàyé títí ó ti sú mi. Kí ni kí n ṣe?
Olùkọ́, Muṣin

Olùkọ́, ẹ má rẹ̀wẹ̀sì. Ohun tí ẹ ń bá jà yìí wà ní gbogbo kíláàsì tí mo ti wọ̀ rí, àlàyé ẹnu nìkan kì í sì í wò ó sàn. Ẹ kọ ọ́ sójú pátákó kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Ẹ lè lo àyọkà Bàbá inú ọkọ̀ tí mo kọ fún ọmọ Bàríga, mo yọ̀ǹda rẹ̀.

Ẹ kọ èyí sí apá òsì: “Òǹkọ̀wé ní, ‘Kí ọkọ̀ ojú omi tó kan èbúté, Bàbá ti de bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀, ó ti tú u, ó tún ti dè é.’ Èyí fi hàn pé ẹ̀rù ń bà á.” Ẹ wá kọ èyí sí apá ọ̀tún: “Bàbá de bọ́tìnì, ó tú u, ó ‘tún’ dè é. Dídè àkọ́kọ́ lè jẹ́ ìmúra lásán. ‘Tún’ yìí ló jẹ́ ká mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ kò sí níbi bọ́tìnì mọ́.” Ẹ bi wọ́n pé èwo nínú àwọn méjèèjì ló ka àyọkà. Ọmọ apá òsì da odindi gbólóhùn kọ, kò wo ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ọmọ apá ọ̀tún mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó sì rí èèyàn nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣòfin. Fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì, kí ẹnikẹ́ni má fa ohun tó ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ yọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má sì kọ “èyí fi hàn pé”. Wọ́n á kùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn. Ọmọ tí wọ́n gba gbólóhùn yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ á wá òmíràn: “ó dà bíi pé”, “ó lè jẹ́”, “kí ló dé tó fi yan ọ̀rọ̀ yìí”. Ibẹ̀ ni ìtúpalẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìdárayá kan tó wù mí jù ni pípààrọ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ pa “ti kéré sí i” rẹ́ lójú pátákó, kí ẹ fi “ti gbó” rọ́pò rẹ̀. Kí la pàdánù? Àwọn ọmọ á kọ́kọ́ ní kò sí. Ẹ dúró, ẹ má dá wọn lóhùn. Láìpẹ́, ọ̀kan máa sọ pé ilé lè gbó lóòótọ́, gbogbo èèyàn inú ọkọ̀ ló lè rí ilé tó gbó, ṣùgbọ́n Bàbá nìkan ló lè rí i pé ó kéré sí i. Tí ọmọ kan bá ti sọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì, ìyókù á fẹ́ rí tiwọn. Bí kíláàsì yín bá kún, ẹ pín wọn ní méjì méjì, kí ìkọ̀ọ̀kan mú ọ̀rọ̀ kan pààrọ̀. Kò ná yín ju ṣọ́ọ̀kì lọ.

Àwọn kan nínú wọn á tún máa kó ọ̀rọ̀ látinú ìwé mìíràn wá. Mo ní ọmọ kan tó ń túpalẹ̀ ewì tó dá lórí òjò, ó wá fa ìlà kan yọ látinú ewì òjò mìíràn tó ti há sórí. Ìlà tó rẹwà ni. Mo ní kó fi ìka tọ́ka sí ìlà inú ewì iwájú rẹ̀ tó pe ìlà yẹn wá, kò rí i. Bí ìbéèrè kò bá ní kí wọ́n fi ìwé wé ìwé, kí wọ́n dúró sínú èyí tí wọ́n fún wọn. Òfin ìka yẹn, ẹ lè lò ó fún gbogbo nǹkan: ohun tí o bá sọ, fi ìka kan ọ̀rọ̀ tó mú ọ sọ ọ́.

Ohun kan tó kù. WAEC máa ń gbé ìròyìn àwọn ọ̀gá olùyẹ̀wò wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kà á, kí ẹ sì ka díẹ̀ sétí àwọn ọmọ náà.

Mà, mò ń ṣe A Level ti Cambridge. Ṣé dandan ni kí n máa fa ọ̀rọ̀ àwọn lámèyítọ́, àwọn tó ń kọ èrò wọn lórí iṣẹ́ òǹkọ̀wé, yọ nígbà tí mo bá ń túpalẹ̀ àyọkà? — Akẹ́kọ̀ọ́, Festac

Rárá, bí ó bá jẹ́ AS, ìdajì àkọ́kọ́ A Level, lo wà. Nínú sílábọ́ọ̀sì 9695, ti lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìpele yín, ohun mẹ́rin ni wọ́n ń wò ní AS; ìkarùn-ún, èyí tó jẹ mọ́ èrò oríṣiríṣi tí àwọn òǹkàwé ní nípa ìwé, ìpele A Level ló ti wọlé. Bí o bá dé ìpele yẹn, mú èrò lámèyítọ́ wá kí o lè bá a jiyàn tàbí kí o fi ọ̀rọ̀ inú àyọkà gbè é. Orúkọ ńlá tí o kàn jù sílẹ̀ ní ìparí ìpínrọ̀ kò ṣe nǹkan kan fún ọ.

Màmá, tísà Yorùbá wa ní ká máa fi òwe bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìdáhùn lórí ewì, torí pé òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ ìfáárà yìí kan ìdánwò Yorùbá náà? — Ọmọ SS2, Òyìngbò

Ó kàn án. Òwe tó bá bá ewì náà mu ní pàtó, lò ó. Èyí tí o ti mú wá láti ilé, tí ì bá ṣe ewì ikú ni, tí ì bá ṣe ewì ìfẹ́, fi í sílẹ̀. Òwe tó wà nínú ewì náà fúnra rẹ̀ ni kí o dojú kọ. Ta ni akéwì ń pa á fún? Ṣé ó pa á bí àwọn àgbà ṣe ń pa á, àbí ó yí i? Àwọn akéwì wa fẹ́ràn kí wọ́n gé òwe sí méjì kí wọ́n sì fi ìdajì sílẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ rẹ wà. Bí akéwì bá kọ “Ilé ọba tó jó” tó sì dákẹ́ síbẹ̀, kọ ìdajì tó fi sílẹ̀, pé ẹwà ló bù sí i. Kí o wá sọ ohun tí o rò pé ó mú un dákẹ́: ṣé ó ń bẹ̀rù ọba ni, ṣé kò gbà pé ẹwà bù sí i lóòótọ́ ni, àbí ó fẹ́ kí àwa fi ẹnu ara wa parí rẹ̀? Èyí tí o bá mú nínú wọn, fi ìka kan ìlà mìíràn nínú ewì náà tó gbè ọ́.